Igbó Ìjọba àti Oúnjẹ Ará Oko

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè, àwọn àgbà ìlú àti àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ igbó ni, àti ti àwọn ènìyàn tí ń jẹun láti inú igbó. Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ ará oko ni, tí kò kan àwa ará ìlú. Ṣùgbọ́n ewé tí a fi di ẹ̀kọ, láti inú igbó ni ó ti wá. Pákó tí a fi kan àjà ilé, orín tí a ń run ní òwúrọ̀, ìgbín tí a fi ń se ọbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rù àti iyèré tí àwọn ìyá wa ń lò fún ìyálọ́mọ, egbòogi tí oníṣègùn ń wá kiri, kò sí ọ̀kan tí ó ti ojú ọ̀run bọ́. Bí igbó bá tán, àti oko àti ìlú ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi yé yín lónìí, ó sì ní apá méjì. Èkínní ni pé ẹni tí kò ní ìpín nínú igbó kì yóò ṣọ́ igbó. Èkejì ni pé ìpín tí ó bá dúró lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú igbó lójoojúmọ́, kì í ṣe ìpín.

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, a kò wà láìní òfin igbó. Ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, olórí ìdílé àti baálẹ̀ ni ó sì ń mójú tó o. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá ti ro fún ọdún mélòó kan, a óò fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí ó sì tún di igbó. Ẹni tí ó bá fi ààlè sí ìdí igi, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Ibòmíràn sì wà tí a kì í dáko sí rárá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Nǹkan bí hẹ́kítà 75 ni, ìlú ńlá sì ti yí i ká. Nígbà tí àwọn agégi àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ ní bí ọdún 60 tàbí 70 sẹ́yìn, àwọn ará ìlú kan pẹ̀lú Susanne Wenger, obìnrin ará Austria, ni ó dìde láti gbà á sílẹ̀. Ní 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àwa tí a jẹ́ oníwàásù kì í jọ́sìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè sẹ́ òtítọ́: igbó tí àwọn ènìyàn bá kà sí tiwọn ni ó ń pẹ́.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ènìyàn kò pọ̀ nígbà náà tó bí a ti pọ̀ nísinsìnyí, kò sí koko tí ń wá ilẹ̀ ẹgàn kiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ayùn onẹ́ńjìnnì tí ó lè wó ìrókò ọgọ́rùn-ún ọdún kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ohun tí a ń sọ ni pé ará oko mọ̀ nígbà náà pé bí igbó bá bàjẹ́, ohun ìní òun ni ó bàjẹ́.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n rí i pé bí a bá fi igi sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, igi yóò tán. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù asán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pààlà igbó. Wọ́n pààlà ti Olókemejì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ní 1899. Ní 1925, wọ́n pààlà igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, èyí tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,500. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: bí kì í bá ṣe ti ààlà wọ̀nyí, bóyá ni a óò rí ẹgàn kankan tọ́ka sí fún àwọn ọmọ wa lónìí.

Ṣùgbọ́n bí a ti ṣe é ni ó ní ọwọ́ kan nínú. Ẹ̀tọ́ díẹ̀ ni a dá sí fún àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ń wọ ẹgàn baba rẹ̀ lánàá di olè níbẹ̀ lónìí, bí kò bá ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ọdẹ tí ó mọ ẹgàn bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di ẹni tí ń sá fún aṣọ́gbó. Lẹ́yìn òmìnira, igbó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó jẹ́ ti wa di ti ìjọba. Ohun tí ó sì jẹ́ ti ìjọba, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò jẹ́ ti ẹnì kankan.

Ẹ wo igbó Omo. Ní 1977 ni UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin díẹ̀ ṣì ń rìn nínú rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ oko koko ti wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà, ọkọ̀ agégi sì ń gbé igi jáde láìgbàṣẹ. Aṣọ́gbó kò tó nǹkan, igbó sì tóbi. Bí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ àti ẹ̀bá rẹ̀ bá rí olè, kí ni yóò mú kí wọ́n pariwo? Ẹrù tí olè gbé kì í ṣe tiwọn. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa bá olè gbé e, nítorí owó ọ̀yà tí olè san ni owó kan ṣoṣo tí igi náà tíì mú wọ ilé wọn rí.

Ìjọba pàápàá kò ṣàì mọ̀ pé a kò lè yọ ará oko kúrò nínú ọ̀rọ̀ igbó. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n mú ti ilẹ̀ Bọ́mà wá, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa lọ jagun sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí a ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Taungya ni orúkọ ọgbọ́n náà. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Sapoba, ní ilẹ̀ Ẹdó, ní 1927, ó sì tàn dé àwọn igbó ìjọba ní ilẹ̀ wa. Bí ó ti rí nìyí. A óò fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ìjọba. Yóò ṣán an, yóò gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí i. Láàrin ebè rẹ̀ ni a óò gbin ọ̀dọ́ igi sí, bí i tíìkì tàbí gmelina, òun ni yóò sì máa ro ìdí igi náà bí ó ti ń ro iṣu rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí òjìji igi bá bo ilẹ̀, yóò kó kúrò níbẹ̀.

Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, a kò sẹ́. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rí ilẹ̀ dáko, ilẹ̀ náà a sì máa lọ́ràá. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi bá dàgbà, tí a gé e tí a sì tà á, kọ́bọ̀ kan kì í kan àgbẹ̀ tí ó ro ìdí rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ha yani lẹ́nu pé àwọn mìíràn a máa ṣèèṣì fi ọkọ́ gé gbòǹgbò ọ̀dọ́ igi, ní irú èèṣì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, kí òjìji má bàa tètè lé wọn kúrò lórí ilẹ̀? A kò yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin Mósè kò gbà kí a di màlúù lẹ́nu nígbà tí ó bá ń pakà, kí a tó wá sọ ti ọmọ ènìyàn. Iṣẹ́ ni a pín fún àgbẹ̀ náà. A kò pín èrè fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ kan tí ó jìnnà sí wa, tí ó ti ṣe irú àṣìṣe tí a ṣe, tí ó sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Nepal ni, tí ó wà láàrin Íńdíà àti Ṣáínà, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè tí ó ga jùlọ láyé. Ní 1957, ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin sọ igbó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn di ti ìjọba. Èrò wọn ni láti dá igbó sí. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti ní àṣà tiwọn tẹ́lẹ̀. Ní ibòmíràn, ọkà ni wọ́n ń dá jọ láti fi san owó olùṣọ́ igbó. Nígbà tí wọ́n rí i pé igbó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí sáré gé tirẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gé e.

Ní 1978, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dá igbó díẹ̀ padà fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Ní 1993, wọ́n ṣe òfin tí ó fún àwọn tí ń lo igbó ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, láti ṣọ́ igbó, láti tà nínú ohun tí ó bá so, àti láti pinnu bí a óò ti ná owó rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n igi, ewé, koríko àti owó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ju 22,000 lọ lónìí. Àwọn onímọ̀ tí ó fi àwòrán láti ojú òfuurufú wo ilẹ̀ náà rí i pé ní 1992, igbó bo 26 nínú 100 ilẹ̀ Nepal. Nígbà tí ó fi di 2016, ó ti tó 45. Kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan ni ó ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, oko wọn sì di igbó. Ṣùgbọ́n ipa ẹgbẹ́ hàn gbangba. Koríko tí a fi ń bọ́ ẹran àti igi ìdáná tún sún mọ́ ilé. Nínú owó tí ẹgbẹ́ ń rí ni ọ̀pọ̀ abúlé ti tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, tí wọ́n fa omi mímu, tí wọ́n sì la ọ̀nà.

Bí a bá dúró níhìn-ín, a óò ti tàn yín jẹ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti igbó pa fún ọdún mélòó kan kí ó lè sọ jí. Olóko ńlá kò ní ìyọnu, nítorí igi wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń ta igi ìdáná, ẹni tí ó ní ewúrẹ́ tí kò ní ilẹ̀, àti alágbẹ̀dẹ tí kò lè rọ ọkọ́ láìsí èédú, àwọn ni ìyà jẹ. Igbó ń sanra, wọ́n ń rù. Àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ni àwọn ọlọ́lá àti àwọn ọkùnrin. Àwọn tí ń wọ inú igbó ni àwọn tálákà àti àwọn obìnrin. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ náà rí èyí, wọ́n gbé ìlànà jáde ní 2009 pé kí ìdajì ìgbìmọ̀ jẹ́ obìnrin, àti pé kí 35 nínú 100 owó tí ẹgbẹ́ bá rí wà fún àwọn tí ó tálákà jùlọ láàrin wọn. A kò ní sọ pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó pa ìlànà náà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Nàìjíríà wa. Ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ìlú kékeré méjì wà tí a ń pè ní Ekuri, ti àtijọ́ àti ti titun. Igbó wọn tó hẹ́kítà 33,600. Nígbà kan, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó dé títì. Àwọn ilé iṣẹ́ agégi wá bá wọn, wọ́n ní àwọn yóò la ọ̀nà fún wọn bí wọ́n bá fi igbó sílẹ̀ fún àwọn. Ìlú méjèèjì gbìmọ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1992, wọ́n ń gé ìwọ̀nba igi fúnra wọn, ẹni tí ó bá sì kó ewé afang tàbí èso ààpọn láti tà yóò san díẹ̀ sí àpò ìlú. Owó igbó ni wọ́n fi la ọ̀nà tí wọ́n ń fẹ́. Ní 2004 wọ́n gba ẹ̀bùn Equator lọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n àwọn náà ti rí ìyọnu. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de igi gígé níbi gbogbo. Ẹni tí ń fi òfin gé igi dáwọ́ dúró. Olè kò dáwọ́ dúró. Ní 2016, nítorí ọ̀nà ńlá kan tí ìjọba fẹ́ là, ìkéde jáde pé ilẹ̀ tí ó wà ní kìlómítà 10 lọ́tùn-ún àti 10 lósì ọ̀nà náà ti di ti ìjọba. Àwọn ará Ekuri kọ̀wé, wọ́n ké sí ayé, títí a fi fa ọwọ́ ìkéde náà sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ìlú lè gbọ́n, kí ó ṣọ́ra, kí ó sì ṣe òtítọ́, ṣùgbọ́n bí òfin kò bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè wà nínú ewu ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin baba wa, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nísinsìnyí tí ó lè korò létí. Bí ìjọba bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lọ́la, tí wọ́n sì wí pé, “Ẹ gbà, ẹ bá wa ṣọ́ igbó, ẹ sì gba ìpín,” ta ni yóò gbà á? Bí àṣà wa, ọ̀dọ̀ ọba àti baálẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ gbé e lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i ní ibi púpọ̀ pé oníṣòwò igi a máa wọlé ní alẹ́, a máa jáde ní òwúrọ̀, a sì ti tọwọ́ bọ ìwé, láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn obìnrin tí ń já ewé gbọ́ sí i. Nígbà tí igi bá wó, ewé tí ń hù lábẹ́ òjìji rẹ̀ yóò gbẹ, ìgbín yóò kú, odò kékeré tí a ń pọn yóò fà. Owó tí baálẹ̀ gbà kò lè dí ihò yẹn. Àwọn àgbà ti wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìgbà tí a bá fẹ́ wá ẹni tí yóò pariwo olè, a óò rí i pé olúkúlùkù ti tì ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni a fi síwájú yín.

Lọ́nà kínní, kí Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn ọba wa jùmọ̀ bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí a fi òfin, kì í ṣe ẹnu lásán, fún àwọn ìlú tí ó yí igbó ìjọba ká ní ìpín nínú ìṣọ́ àti nínú èrè rẹ̀. Kí a kọ iye ìpín náà sínú ìwé, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú tí gómìnà kan lè ṣe tí èkejì lè pa tì.

Lọ́nà kejì, kí ẹni tí ó bá gbin igi tí ó sì ro ìdí rẹ̀ ní ìpín nínú owó igi náà nígbà tí a bá tà á, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ̀ ni yóò gbà á. Nígbà náà ni òjìji igi yóò di ohun ayọ̀ lójú àgbẹ̀.

Lọ́nà kẹta, kí ìgbìmọ̀ igbó má ṣe jẹ́ ti àwọn olóyè nìkan. Kí àwọn obìnrin tí ń já ewé, àwọn ọdẹ, àwọn oníṣègùn, àti àwọn àlejò tí ó ti ń dáko níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní ẹnu nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ti apá kan igbó pa kí ó lè sinmi, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń jẹun níbẹ̀, kí a sì fi ibòmíràn hàn án kí a tó tì í.

Lọ́nà kẹrin, kí a máa ka owó igbó ní gbangba, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa olùkọ́ lè ṣe ìrànlọ́wọ́ níhìn-ín. Kò sí abúlé tí kò ní ọmọ kan tí ó jáde ilé ìwé tí ó ń wá iṣẹ́ kiri. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ iye igi tí a gé, iye tí a tà á, àti ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe, kí ó sì kà á sí etí gbogbo ìlú ní ọjọ́ ìpàdé. Ìwé ìṣirò tí gbogbo ènìyàn gbọ́ sàn ju ọgọ́rùn-ún aṣọ́gbó lọ.

Nínú Ìwé Mímọ́ a kà pé nígbà tí a fi ọkùnrin àkọ́kọ́ sínú ọgbà, iṣẹ́ méjì ni a fi lé e lọ́wọ́, èkínní ni kí ó ro ó, èkejì ni kí ó ṣọ́ ọ. Ẹnì kan náà ni a fún ní méjèèjì, òun náà ni a sì fún láṣẹ láti jẹ nínú èso rẹ̀. Láti ọdún púpọ̀ wá ni a ti pín iṣẹ́ náà sí méjì ní ilẹ̀ wa: ará oko ń ro, ìjọba ń ṣọ́, wọ́n sì ń fojú ọ̀tá wo ara wọn, nígbà tí igi ń gba àárín wọn jáde lọ ní òru. Àsìkò tó láti so méjèèjì pọ̀. Igbó tí ó ṣẹ́ kù kò pọ̀ mọ́, kò sì ní dúró dè wá kí a parí àríyànjiyàn.

Kí Olódùmarè fún àwọn ọba wa ní ẹ̀mí gígùn àti ọgbọ́n láti ṣe é.